Omi Inú Òkúta

Ọdún mẹ́sàn-án ni bàbá mi fi pọn ọtí tí kò dára.
Alfons Krenek, atúnfíríìjì-ṣe ní San Antonio,
tí oòrùn Tẹ́sáàsì ti din ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀,
á da bíà náà sí kọ́ọ̀pù, á tọ́ ọ wò,
á ní, "Ti oṣù tó ń bọ̀ yóò dáa."
Ti oṣù tó ń bọ̀ kò dáa.

Ó bá ọkà bálì jà. Ó bá òdòdó họ́ọ̀pù jà.
Ó kọ lẹ́tà sí ìbátan kan ní Moráfíà,
bóyá ìwé tí bàbá rẹ̀ àgbà kọ ti gbé ọ̀rọ̀ kan mì.
Kò bá omi jà. Ta ní í bá omi ṣọ̀tá?

Ìyá mi ló ṣí ìdérí kẹ́tù lọ́jọ́ kan,
ó fi èékánná ha inú rẹ̀,
ẹfun já bọ́ sórí tábìlì bí èèpo ẹyin.
"Alfons, wo ohun tí ò ń sè mọ́ ọkà."

Ó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀.
Abẹ́ ilé wa, òkúta ẹfun ni, ó lọ salalu;
òjò ń gba inú rẹ̀ kọjá, ó ń jí i lá,
bí ọmọ tí a fi ṣúgà sílẹ̀ fún nínú ilé.

Láti ìgbà náà, omi òjò ló fi ń bu ti ẹ̀rọ là.
Ó ń wọn jípúsọ̀mù lórí òṣùwọ̀n kékeré,
gíráàmù mẹ́ta, a ò gbọdọ̀ mí sí i.
Lẹ́yìn náà, ásíìdì inú wàrà kíkan:
ẹ̀kán kan,
ẹ̀kán kejì.
Bébà tínrín wọ inú ọkà gbígbóná,
àwọ̀ ewé ń rá sínú àwọ̀ ìyeyè.
"Márùn-ún ààbọ̀. Ó kù díẹ̀."
Ẹ̀kán kẹta.
Èmi ni mo di tọ́ọ̀ṣì mú.

Ọtí náà dé, ó mọ́ gaara, ó rọ̀ lọ́fun.
Bàbá mi wá àléébù rẹ̀ títí, kò rí.
Ìyá mi mu ún, ó gbé kọ́ọ̀pù sílẹ̀ pẹ̀lẹ́.
"Ó dáa. Àmọ́ ti tẹ́lẹ̀ ló ti mọ́ mi lára."

Garawa méjì ló wà nínú gáréèjì báyìí.
Èkejì, omi ẹ̀rọ lásán ni, a kò tún un ṣe;
ọkà tí a yan títí ó fi dúdú ló ń bá a gbé,
torí ọkà dúdú mọ bí a ti í pẹ̀tù sí òkúta nínú.
Ó fi ṣọ́ọ̀kì kọ V sí i lára.
Vlasta lorúkọ ìyá mi.