Igi Ọba Lẹ́yìnkùlé Wa

Bàbá mi ló tẹ oko yìí dó létí odò Písíkátákuwà,
ṣùgbọ́n igi páìnì tó wà lẹ́yìn àká
ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó bí bàbá bàbá rẹ̀.
Ọkùnrin kan dé lọ́jọ́ kan nínú yìnyín,
ó fi okùn wọn ìdí igi náà,
ó gbé àáké, ó ṣá a lẹ́ẹ̀mẹ́ta,
àmì bí ẹsẹ̀ adìẹ.
Ó ní, “Ti Ọba ni.”
Ìyá mi bi í pé, ọba wo ló ti sinmi lábẹ́ rẹ̀ rí?
Kò fèsì. Ó mu wàrà tí a bù fún un, ó gun ẹṣin rẹ̀ lọ.

Igi tí kò bá tó ínǹṣì mẹ́rìnlélógún, tiwa ni.
Tó bá ti sanra tó bẹ́ẹ̀, òpó ọkọ̀ ogun ni,
owó ìtanràn rẹ̀ sì lè gba oko, kó gba màlúù,
kó tún wá gba ẹní tí a sùn lé.
Ẹ wá wo pákó ilẹ̀ yàrá mi:
ínǹṣì méjìlélógún, méjìlélógún, méjìlélógún.
Àlejò a ní, “Ẹ̀yin èèyàn yìí mà fẹ́ràn ìwọ̀n o!”
Mo máa ń rẹ́rìn-ín.
Pákó tó bá sanra, a ó dá a padà sẹ́nu ayùn
kó tó lọ pe ẹjọ́ wá bá wa nílé.

Ṣúbéélì ọkọ mi, àgbá ló ń kàn.
Ẹja ló ń kún inú rẹ̀ lọ, oyin ìrèké ló ń kún inú rẹ̀ bọ̀.
Ti àwọn ará Faransé dùn, ó pọ̀, kò wọ́n;
òfin ní ká ra ti erékùṣù Ọba,
bí bẹ́ẹ̀ kọ́, sísì kan lórí gálọ́ọ̀nù kan.
Ta ni yóò san sísì?
Òru tí òṣùpá ò yọ ni ọkọ̀ wa ń wọlé.
A ó gbọ́ àjẹ̀ tí wọ́n fi àkísà wé,
àgbá a máa yí gbirigbiri bọ̀ wá sínú àká.
Ilẹ̀ á mọ́, oníbodè á dé,
á jókòó sórí àgbá, á bèèrè bóyá a rí àgbá.
Ṣúbéélì á ki owó bọ inú ìwé sáàmù, á yá a.
Ọkùnrin yẹn ka sáàmù gan-an lọ́dún náà.

Àkẹtẹ̀ tí Ṣúbéélì ń dé lọ sí ilé ìsìn,
odò tiwa ni wọ́n ti pa ẹran tó ni irun rẹ̀.
Irun náà wọkọ̀ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù,
ó padà wá bá wa bí ọmọ tó ti gbàgbé èdè ilé,
owó àgbá ogún lọ́rùn rẹ̀.

Ẹrú Ọ̀gbẹ́ni Tíbẹ́tì wà lára àwọn tó ń yí àgbá.
Késáyà ọmọ mi ti ìka bọ oyin, ó nà án sí i pé kó lá.
Ó yí ojú kúrò.
Ó ní ọdún méje lòun fi gé ìrèké ní Gúádélúùpù,
òun mọ ohun tó ń bẹ nínú rẹ̀.
Òfin ka gálọ́ọ̀nù, ó ka àgbá, ó ka òpó.
Èmi náà, ọdún mẹ́sàn-án la jọ ń yí àgbá
kí n tó mọ̀ pé Kuámínà ni, kì í ṣe Pọ́ńpì.

Ṣúbéélì ti kú. Ìjì wó igi Ọba ní ìgbà òtútù tó kọjá.
Ó nà gbalaja, ẹsẹ̀ adìẹ kọjú sójú ọ̀run.
Kò sẹ́ni tó wá gbé e.
Késáyà lóyún, ó fẹ́ ibùsùn fún ọmọ ọwọ́.
Mo mú ayùn, mo la igi náà.
Ìgbà tí mo parí, mo fi okùn wọn pákó:
ínǹṣì méjìlélógún.
Kò sẹ́ni tó ń wò mí.