Bí Afẹ́fẹ́ Bá Gbà

Hanus, mo ti tẹ́ máàpù sórí tábìlì ìdáná,
mo fi ife tíì tẹ etí rẹ̀ kan,
mo fi bàtà Bàbá tẹ èkejì.
Ọjọ́bọ̀ la ó lọ sí Fugloy, bí afẹ́fẹ́ bá gbà.

Ìbọ̀sẹ̀ onírun àgùntàn, méjì méjì.
Búrẹ́dì dúdú. Ẹran gbígbẹ tí Sunnvá so sí àjà láti oṣù Ọ̀wàrà.
Má mú agbòjò wá o:
òjò ibẹ̀ kì í ti òkè rọ̀, ẹ̀gbẹ́ ló ń gbà wọlé.

Mo pe ọlọ́kọ̀ ojú omi. Ó ní,
“Ọkọ̀ kì í so mọ́ èbúté lọ́hùn-ún.
Ìgbì á gbé wa sókè, ẹ ó fò.
Ẹni tó bá rò ó lẹ́ẹ̀mejì, inú omi ló fò sí.”
Mo rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn náà, òkè:
òkúta dúdú tó dìde ṣánṣán
bí ẹni tí wọ́n pè lórúkọ lójijì,
tí ẹyẹ ń hó ní bèbè rẹ̀ bí ìkòkò.
Òkun ń bẹ nísàlẹ̀, ìkùukùu kò ní jẹ́ ká rí i,
a ó kàn máa gbọ́ ọ.

Kọ́kọ́rọ́ ilé Bàbá wà lọ́wọ́ mi.
N kò mọ̀ bóyá ilẹ̀kùn ṣì wà.

Ọjọ́bọ̀, mo wí. Pẹ́nsùlù ni mo fi kọ ọ́,
torí etí máàpù yìí ti ní Ọjọ́bọ̀ mẹ́rin
tí a pa, tí kò pa rẹ́ tán.
Ọwọ́ Bàbá ló kọ ọ̀kan nínú wọn.