Pijó Tó Lóṣòó

Láti ọjọ́ Ẹtì ni ọkọ̀ bàbá mi ti lóṣòó
níwájú ilé wa ní Ìsọkùn,
ìdí kanlẹ̀, imú gbókè,
bí ọ̀ṣómàáló tó wá sin gbèsè aṣọ
tó ní bí a ò bá sanwó, òun ò ní dìde.

Gbèsè wo la jẹ ọ́, Pijó?
Epo ni? A rọ ọ́ fún ọ.
Ẹrù ni? Ẹ̀ẹ̀kan ni mo kó ọgọ́rùn-ún búlọ́ọ̀kù lé ọ lẹ́yìn,
ẹ̀ẹ̀kan péré.
Ó dáa, ẹ̀ẹ̀mẹta ni.

Ẹ ò mọ bó ṣe ń rìn.
Bó bá kan kòtò lójú ọ̀nà Ìfẹ̀wàrà,
á kọ́kọ́ ké gbì,
á wá máa fì, á máa fì, á máa fì lọ
títí kòtò mìíràn á fi dé.
Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí mo dì lóko ní dídán
á ti gbọgbẹ́ kó tó dé Iléṣà.
Ìyá oníkòkó tó jókòó tì mí lọ́jọ́sí
di ilẹ̀kùn mú, ó ń pe orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀
lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó ń pín ogún.

Sìtíárì ńkọ́? Ẹ má wulẹ̀ bi mí.
Mo lè yí i dé ìdajì kí táyà tó gbọ́.
Mo ní ọ̀tún, ó ní kí lo wí?
Mo tún ní ọ̀tún, ó yà sósì,
òsì ṣáá,
bí ewúrẹ́ tó mọ ẹ̀yìnkùlé tí wọ́n ń da èèpo iṣu sí.
Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ń fà á padà.
Èjìká ọ̀tún mi ti ga ju tòsì lọ báyìí;
ẹni tó ń rán aṣọ mi ló kọ́kọ́ rí i.

Bàbá mi, Fápohùndà, tó rà á ní tòkunbọ̀,
ẹsẹ̀ òsì ló fi ń tiro títí ó fi lọ.
Wọ́n ní ọmọ ló ń jọ bàbá.
Èmi ò tiro. Ọkọ̀ ló jọ ọ́.

Ìlọ̀rí mẹkáníìkì dé tòun ti jáàkì rẹ̀,
ó tẹ́ páálí sílẹ̀, ó wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ
títí ó fi ku bàtà méjì níta.
Ibẹ̀ ló ti ń ka ẹ̀sùn:
“Sípíríìn ẹ̀yìn ti ṣẹ́, ewé méjì nínú márùn-ún.
Síkọ́sóbà ti sunkún gbẹ.
Búṣìn ti di ẹ̀tù.
Táì-rọ́ọ̀dù yìí, Àǹtí, àdúrà nìkan ló so ó mọ́ ọkọ̀.”
Mo ní èló? Ó dákẹ́.
Mẹkáníìkì tó bá dákẹ́, owó rẹ̀ ló ń ròkè.

Mo ta kòkó àpò kan àbọ̀.
Ọjọ́ mẹ́ta, òòlù ń dún, gíríìsì ń ṣàn.
Lọ́jọ́ kẹrin, Pijó dìde.
Àní ó nàró! Ìdí kúrò nílẹ̀,
ọ̀ṣómàáló gbowó rẹ̀, ó gbọn aṣọ.

Mo gbé e bọ́ sójú ọ̀nà Ìfẹ̀wàrà, Ìlọ̀rí jókòó tì mí.
Kò ké. Kò fì.
Sìtíárì ń gbọ́ kí n tó parí ọ̀rọ̀.
Inú mi dùn tó ogójì ọ̀pá,
àfi bí mo ṣe rí i pé inú koríko la wà,
lápá ọ̀tún,
táyà iwájú ti fẹnu kan etí kòtò àgbàrá.

Ìlọ̀rí wo táyà, ó wò mí.
“Àǹtí, ta ló ní kí ẹ fà á?”

Ta ló ní kí n fà á.
Ọwọ́ mi ni kò tíì gbọ́ pé wọ́n ti tún un ṣe.
Ọkọ̀ bàbá mi ti tọ́,
èmi ló kù tí mo wọ́,
n ò sì mọ ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta búṣìn èjìká.

Mo fi ìka méjì péré di sìtíárì mú, mo tẹ̀ síwájú.
Nígbà tí a dé ìyànà oko bàbá mi, tó wà lósì,
mo tẹ búréèkì díẹ̀, mo ń retí rẹ̀.
Kò yà.