Tábìlì Tí Kò Gba Ẹnu Ọ̀nà Wọlé

Yàrá kan àti àbọ̀ ni tiwa, lórí òkè kan ní Valparaíso,
níbi tí òpópónà ti máa ń sú,
tí yóò di àtẹ̀gùn.
Mo ka àtẹ̀gùn náà nígbà tí mo gbé oyún Ciro:
igba ó dín mọ́kànlá.
Nibaldo ní igba gbáko ni.
A ò tíì parí ìjà yẹn.

Ọkọ̀ ojú omi ni ọkọ mi ń kùn ní èbúté.
Ọ̀dà tó bá ṣẹ́kù sísàlẹ̀ agolo ló ń di tiwa.
Ìdí nìyí tí iwájú ilé fi jẹ́ àwọ̀ ọsàn títí dé ojú fèrèsé,
ọ̀dà tán,
ó wá di àwọ̀ ewé títí dé abẹ́ òrùlé.
Ẹ̀yìnkùlé jẹ́ eérú, àwọ̀ ọkọ̀ ogun.
Ta ló ń wo ẹ̀yìnkùlé, bí kò ṣe ológbò?

Inú ilé ni wàhálà wà.
Bẹ́ẹ̀dì pọn bẹ́ẹ̀dì sẹ́yìn bí ọmọ:
Maite lókè, torí pé ó gbọ́n,
Ciro nísàlẹ̀, torí pé ó máa ń jábọ́.
Abẹ́ wọn ni aṣọ òtútù wà, àti àlùbọ́sà,
àti bàtà ẹsẹ̀ kan tí a ò mọ ẹni tó ni ín.
Kọ́bọ́ọ̀dù ò sí. Mo kan ìṣó mẹ́rìndínlógún mọ́gi,
mo fi ohun gbogbo kọ́:
ìkòkò, àga, agbòjò, àpò ilé-ìwé.
Bí ìṣó kan bá lè gba Ciro fúnra rẹ̀ dúró,
alẹ́ Sátidé ni ǹ bá fi kọ́ ọ.

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde,
àmọ́ òde ni tábìlì yìí ti ń bọ̀.
Nínú ọkọ̀ ogbó kan tí wọ́n ń tú ni Nibaldo ti rí i,
igi dúdú, ẹsẹ̀ kìmbà bí ti màlúù,
tábìlì àwọn ọ̀gá, ibi ìjókòó ènìyàn mẹ́wàá.
Ọkùnrin márùn-ún ló gbé e gòkè.
Ìgbà mẹ́tàdínlógún ni wọ́n sinmi,
Maite ń kà á fún wọn sókè.

Ó dé ẹnu ọ̀nà. Kò wọlé.
Wọ́n dà á dùbúlẹ̀, wọ́n gbé e nàró,
wọ́n yọ ilẹ̀kùn, wọ́n yọ fèrèsé.
Ẹnìkan ní, ṣé kí a yọ ògiri?
Mo wò ó títí ó fi ń wo bàtà ara rẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́ta ló fi sùn lóde.
Òjò pa á. Àwọn ọmọ àdúgbò sọ ọ́ di ọkọ̀,
Ciro lọ̀gá wọn, ó ń pàṣẹ fún ajá.

Lọ́jọ́ kẹrin Nibaldo yá ayùn.
Kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀.
Ohùn ayùn náà dà bí ti àgbàlagbà
tó ń húkọ́ nídìí ilé láti òwúrọ̀ ṣúlẹ̀.

Ìdajì wọlé. A fi ojú ọgbẹ́ rẹ̀ ti ògiri,
ẹsẹ̀ méjì, ìṣó ńláńlá mẹ́rin.
Ó gba àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, bí ẹnikẹ́ni ò bá mí jù.
Ìdajì kejì lọ sọ́dọ̀ Uberlinda, opó tó múlé tì wá;
ọdún mẹ́fà ló ti ń gbé àwo lé itan jẹun.
Òun náà fi ojú ọgbẹ́ tirẹ̀ ti ògiri,
ògiri kan náà, láti ọ̀hún.

Báyìí, bí Ciro bá fi ṣíbí lu tábìlì,
ṣíbí mìíràn á dá a lóhùn,
kó kó kó,
obìnrin náà á pariwo pé ọbẹ̀ òun níyọ̀ jù, tiwa ńkọ́?

Maite ní tábìlì ò gé rárá.
Ó ní ògiri ni wọ́n lọ gbé ka orí rẹ̀.

Èmi ò jiyàn.
Mo ṣì ń wá ibi tí màá fi fìlà Nibaldo kọ́ sí.