Òṣùká Ìmọ́lẹ̀

Ní Ìsàn, lẹ́yìn ilé wa, yèyé mi ń sun ìkòkò.
Koríko gbígbẹ, èèpo igi, ọyẹ́ tó ń fẹ́ eérú sí wa lójú.
Iná ọba ti lọ láti ọjọ́ mẹ́sàn-án.
Ó ní kí n sọ iṣẹ́ tí mò ń ṣe ní Ọ̀yẹ́ gan-an,
kí òun lè rí nǹkan wí fún Ìyá Ìbídùn.

Mo ní: Yèyé, oòrùn là ń wá bí a ó ṣe sè.
Afẹ́fẹ́ kan wà tó fúyẹ́ ju gbogbo afẹ́fẹ́ lọ.
Ẹ dáná sí i, á gbóná,
ẹ tún koná mọ́ ọn, á bọ́ ẹ̀wù,
gbogbo wóró rẹ̀ á máa sá káàkiri níhòòhò, á máa tàn yanran.
Ìyẹn là ń pè ní pílásímà.
Wóró kì í fẹ́ràn wóró, bí orogún ni wọ́n ń kẹ̀yìn síra.
Ṣùgbọ́n bí a bá há wọn mọ́ra, tí a há wọn, tí a há wọn,
méjì á di ọ̀kan,
ìjà tí wọ́n bá gbé sọnù
ló ń di ooru tó ń ràn sórí ebè iṣu wa.

“Uná yẹn,” yèyé mi sọ igi ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀,
“yèsí í mọ ùkòkò rẹ̀?”

Odindi ilé ẹ̀kọ́, kò sẹ́ni tó bi mí báyẹn rí.
Wọ́n ní àpáàdì ló tó ko iná lójú.
Iná tí mò ń wí yìí, àpáàdì á di oruku,
irin á di omi, omi á di ìtàn.
Iná náà fúnra rẹ̀, bó bá fara kan ògiri, á kú.
Mágínẹ́ẹ̀tì ńláńlá ni àwọn àgbà ẹnu iṣẹ́ yìí fi ń sé e mọ́.
Ó ṣì ń jò.

Ìmọ́lẹ̀ ni èmi fi ń mọ ògiri.
Ó rẹ́rìn-ín. Ìmọ́lẹ̀ kẹ̀?
Mo ní ìmọ́lẹ̀ náà lọ́wọ́ tirẹ̀,
kò wúwo tó ìyẹ́ ológoṣẹ́,
àmọ́ ó ń ti nǹkan.
Ẹ wo ṣùkù àgbàdo tí ẹ fi ń yí ọrùn ìkòkò,
bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe fín dígí kan, fínfín tí ojú kò rí.
Ìmọ́lẹ̀ wọlé ní gbọọrọ,
ó jáde ní lílọ́ bí okùn,
etí rẹ̀ mọ́lẹ̀, àárín rẹ̀ ṣófo, ó dúdú…

“Òṣùká!”

Yèyé mi ló pè é bẹ́ẹ̀, kì í ṣe èmi.
Ọdún mẹ́rin ni mo ti ń wá orúkọ fún un.

Ṣé ó gbé e dúró?
Ó gbé e. Pílásímà kín-ín-kín, nínú pípù dígí
tí kò gùn ju àtàǹpàkò lọ.
Ó dúró láàárín òṣùká, ó ń dán bí ìyẹ́ àlùkò,
kò kan ibì kankan.
Fún ìgbà wo?
Kí ẹ tó ṣẹ́jú, ó ti tú.

Nínú iná, ìkòkò kan dún páà!
Ìkẹta nìyẹn lónìí. Kò tilẹ̀ wo ibẹ̀.
Ó ní, “N ò po amọ̀ yẹn dáadáa. Ọ̀la n ó po òmíràn.”

Ní Mọ́ńdè mo padà sí Ọ̀yẹ́.
Mo ra epo jálá mẹ́fà fún jẹnẹrétọ̀
(ẹ má rẹ́rìn-ín, iná la fi ń wá iná).
Òṣùká àkísà kan wà nínú báàgì mi,
n kò mọ ìgbà tí yèyé fi í síbẹ̀,
eérú ṣì wà lára rẹ̀.
Mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ dígí.
Mo pa iná yàrá. Mo ka ení, èjì.