Lẹ́tà Méjì, Ọjọ́ Kan

Ní yàrá abẹ́ ilẹ̀ ilé àkójọ ìwé ní Hálífásì,
níbi tí ẹ̀rọ kan ti ń mí bí àgbà tó sùn,
mo fi búrọ́ọ̀ṣì onírun rírọ̀ gbá eruku
kúrò lójú ìwé Ṣóltò Drọmgáfì,
ìjòyè ilẹ̀ Sìkọ́tíláǹdì,
ikọ̀ ọba, ahọ́n ọba,
ẹni tó jẹun láwo méjì tí epo kò ta sí i láṣọ.

Lẹ́tà méjì ni. Ọjọ́ kan náà ló kọ wọ́n.
Yíǹkì kan náà, dúdú bí ìdí ìkòkò.
Ọ̀kan ń lọ bá ọba tó wà lórí ìtẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù:
"Kábíyèsí, ẹ̀jẹ̀ mi, tiyín ni."
Èkejì ń lọ bá ọba tí wọ́n lé kọjá omi,
tó ń wojú ìtẹ́ bí àgbẹ̀ ṣe ń wojú sánmà lẹ́ẹ̀rùn:
"Kábíyèsí, ẹ̀jẹ̀ mi, tiyín ni."
Kò tilẹ̀ yọ ara rẹ̀ lẹ́nu kó yí ọ̀rọ̀ padà.

Wọ́n rán an lọ sí ààfin nígbà kan,
kó lọ bẹ̀bẹ̀ fún orí Alásídà,
ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ kọ́ ẹṣin gígùn.
Ó kúnlẹ̀ lójú gbogbo ayé, omijé ń dà.
Nígbà tí wọ́n tan àbẹ́là alẹ́,
ó fi ẹnu kan etí mínísítà, ó ní:
"Igi tó bá ti ṣubú kì í gún èèyàn lójú mọ́."
Lọ́sẹ̀ kejì, orí Alásídà bọ́ sínú apẹ̀rẹ̀.
Lọ́sẹ̀ kẹta, oko Alásídà di ti Ṣóltò,
pẹ̀lú ẹṣin pupa méjì àti adágún ẹja kan.
Mo rí ìwé ilẹ̀ náà. Èdìdì rẹ̀ ṣì pọ́n.

Bàbá mi máa ń ní ẹni tó lé eku méjì, òfo ni yóò mú bọ̀.
Irọ́ ni, bàbá. Ọkùnrin yìí mú méjèèjì
fún ọdún mọ́kàndínlógún,
kí akọ̀wé ọ̀dọ́ kan, tí wọn ò san owó oṣù rẹ̀,
tó fi lẹ́tà ọ̀tún sínú àpò òsì.
Oorun ni àbí ìkà? A ò mọ̀.

Wọn kò pa á. Ẹni tó mọ àṣírí ààfin,
wọn kì í pa á, wọ́n a fi joyè sọ́nà jíjìn.
"Olùdámọ̀ràn ní Hálífásì," ni wọ́n pè é:
ilé pákó kan lẹ́bàá èbúté,
ẹja gbígbẹ, ìkùukùu,
àwọn sójà tí kò bìkítà orúkọ rẹ̀.
Lẹ́tà rẹ̀ ìkẹyìn, igi ìdáná ló fi tọrọ.
Ẹyọ kan ló kọ. Mo wá èkejì títí.

Oṣù Fẹ́búárì ló kú.
A máa ń ní ẹni tó bá dalẹ̀ á bá ilẹ̀ lọ;
ṣùgbọ́n ilẹ̀ ibí ti dì bí irin,
ṣọ́bìrì dún lórí rẹ̀ gbàǹgbàǹ, kò wọlé.
Wọ́n gbé pósí rẹ̀ sí ahéré apẹja,
láàárín àgbá iyọ̀ àti àwọ̀n,
títí di ìparí Épírì
kí ilẹ̀ tó rọ̀, kó tó la ẹnu.

Agogo márùn-ún. Níta, yìnyín ti bo mọ́tò mi.
Mo bọ́ ìbọ̀wọ́, mo tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ sí ìyá mi:
"Ara mi le, iṣẹ́ ń lọ, òtútù ò tó nǹkan."
Mo tẹ òmíràn sí Fọlákúnmi ní Tòróńtò:
"Mi ò tíì sùn dáadáa láti ọjọ́ Ajé."
Mo wo orúkọ tó wà lókè
lẹ́ẹ̀mejì
kí n tó fi ránṣẹ́.