Abẹ́ Ìrọ̀rí

Ibi tí mo ń dẹ ìgèrè sí lọ́sà Ẹ̀pẹ́,
n kò fi han Jímọ̀, ọmọ ìyá mi.
Lálẹ́ àná, fóònù gbọ̀n lápò mi:
"Ìràwọ̀ mélòó lo fún ibẹ̀?"
Ta ló bi ọ́?

Mùtáírù atúnfóònùṣe ní òun á gbá inú rẹ̀ mọ́,
òun á fi èyí tí gbogbo ayé lè tú wò sí i,
bí ọkọ̀ tí a kàn ní gbangba etí omi,
tí ọmọdé lè nawọ́ síbi tó ń jò.
Ọ̀fẹ́ ni, ó ní.
Èyí tó ń ṣọ́ mi, ọ̀fẹ́ náà ni wọ́n pè é.

Àmọ́ inú rẹ̀ ni mo ti ń rí ọmọ-ọmọ mi ní Jẹ́dà.
Mo gbà á padà bẹ́ẹ̀.

Láfẹ̀mọ́júmọ́, mo fi í sábẹ́ ìrọ̀rí,
kó lè rò pé mo ṣì ń sùn.